Ìbò Ẹyọ Kan ní Prince George's

 

Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìbò ààrẹ ọdún 2024, bàbá kan gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wá sí kíláàsì. Bí a ṣe ń kí ara wa lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í pé, "Dádì, ṣé ẹ dìbò?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò lọ. Maryland ti mọ ẹni tó máa yàn kí n tó jí láàárọ̀. Kí ni ìbò èmi nìkan fẹ́ ṣe?" Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó gbójú sókè, ó ń wò mí, bí ẹni pé inú àpò mi ni ìdáhùn wà.

Èmi náà kò rí èsì kan fọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n wọlé, ẹ̀kọ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo lọ ka ìtàn bí ìpínlẹ̀ tí à ń gbé yìí ṣe ń dìbò ààrẹ láti ayébáyé, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò bá ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ṣe. Àwọn òbí wa wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, àwọn mìíràn kò sì sí nínú ìkankan. Ọ̀rọ̀ ìbò ni mo bá wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùdíje.

Afọbajẹ mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú bí wọ́n ṣe ń yan ààrẹ níbí, nítorí ó máa ń rú àwọn ọmọ lójú, ó sì ń rú àgbà náà lójú.

Ẹ rántí ẹ̀kọ́ wa lórí ìlú Ọ̀yọ́. Bí Aláàfin bá wàjà, kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń jókòó yan ọba tuntun. Àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì ni afọbajẹ. Amẹ́ríkà náà ní afọbajẹ tirẹ̀. Gbogbo wọn jẹ́ 538, wọ́n sì pín wọn láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Iye aṣòfin tí ìpínlẹ̀ kan ní ní Washington ni iye afọbajẹ rẹ̀. Maryland ní sẹ́nétọ̀ 2, ó ní aṣojú 8, nítorí náà afọbajẹ rẹ̀ jẹ́ 10.

Ìyàtọ̀ kan wà o. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì a máa gbìmọ̀ láàárín ara wọn. Àwọn afọbajẹ tibí kì í gbìmọ̀. Iṣẹ́ tí ará ìlú fi ìbò rán wọn ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní Maryland ló ni gbogbo afọbajẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìbáà jẹ́ pé ìbò ẹyọ kan péré ló fi ju ẹnì kejì lọ. Nínú Oṣù Kejìlá, wọ́n á pàdé ní Annapolis, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, wọ́n á fọwọ́ síwèé. Olùdíje tó bá rí afọbajẹ 270 jákèjádò Amẹ́ríkà ni yóò di ààrẹ.

Ní ọjọ́ 5 Oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì ní Maryland, ó lé ní 62 tó jẹ́ ti Kamala Harris, nǹkan bí 34 sì jẹ́ ti Donald Trump. Ní Prince George's tiwa níbí, ó ju ènìyàn 8 lọ nínú 10 tó dìbò fún Harris. Òun ló kó afọbajẹ 10 náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ti gbogbo ìpínlẹ̀ pọ̀, Trump ní 312, Harris ní 226. Ọ̀nà kan ni Maryland kọjú sí, ọ̀nà mìíràn ni orílẹ̀-èdè gbà.

Bàbá ọmọ yẹn kò purọ́, nígbà náà. Láti ọdún 1988 tí George H. W. Bush ti wọlé ní Maryland, kò tún sí olùdíje ẹgbẹ́ Republican kankan tó rí ìpínlẹ̀ yìí mú nínú ìbò ààrẹ. Bó ṣe rí ní 1992 náà ló rí ní 2024. Ẹni tó bá wo ọgbọ̀n ọdún ó lé yìí nìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa ìwé dé.

Ọjọ́ 6 Oṣù Kọkànlá, ọdún 1860

Ní ọdún 1860, olùdíje mẹ́rin ló dupò ààrẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni Abraham Lincoln, tó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí òwò ẹrú tàn dé àwọn ilẹ̀ tuntun ní ìwọ̀-oòrùn. John Breckinridge ní tirẹ̀ ní ẹni tó bá ní ẹrú lè kó o lọ síbẹ̀, kí ìjọba sì dáàbò bò ó. John Bell àti Stephen Douglas wà láàárín.

Bí Maryland ṣe dìbò nìyí: Breckinridge ní 42,482, Bell ní 41,760, Douglas ní 5,966. Lincoln? 2,294 péré. Nígbà náà Maryland ní afọbajẹ 8. Breckinridge kó gbogbo wọn, ìbò 722 ló sì fi ju Bell lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Ní káúńtì wa, Prince George's, mélòó ni ìbò tí Lincoln rí? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ méfò. Ọgọ́rùn-ún? Àádọ́ta? Mẹ́wàá?

Ẹyọ kan ni. Ìbò kan ṣoṣo, nínú gbogbo káúńtì.

Nígbà tí mo rí i, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí pé ìdìbò ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ bíi ti òde òní. Ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ ìwé ìbò tirẹ̀. Olùdìbò yóò mú ti ẹgbẹ́ tó fẹ́ lọ́wọ́, yóò rìn lọ síbi àpótí, àwọn ará àdúgbò yóò sì máa wo èyí tó mú. Ó di ọdún 1890 kí Maryland tó gba ìwé ìbò tí ìjọba tẹ̀, tí ènìyàn ń sàmì sí níkọ̀kọ̀. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan yẹn. Yorùbá ní ọ̀pọ̀ èèyàn ní í jẹ́ jànmọ́-ọ̀n, ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé." Òun nìkan dé, ó ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó padà sílé láàárín àwọn aládùúgbò tí ìkankan nínú wọn kò dìbò bíi tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ẹyọ kan? Ẹ má wulẹ̀ wo iye ìbò nìkan, ẹ béèrè ẹni tó wà lórí ìlà. Ní ọdún yẹn, àwọn olùgbé Prince George's jẹ́ 23,327. Nínú wọn, ẹrú jẹ́ 12,479. Ó ju ìdajì lọ. Àwọn ló ń gbin tábà, àwọn ló ń kórè rẹ̀, tábà náà ló sì sọ àwọn olóko di olówó. Ẹrú kò lè dìbò. Àwọn adúláwọ̀ 1,198 tí wọ́n ti gbòmìnira kò lè dìbò. Obìnrin kankan, dúdú tàbí funfun, kò lè dìbò. Gbogbo ìbò tí wọ́n dì ní káúńtì náà kò tó 2,000.

Ìdí nìyẹn tí ìbò Lincoln fi jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù kò sí lórí ìlà rárá. Wọ́n wà nínú oko, wọ́n kà wọ́n mọ́ ẹrù olóko.

Lincoln wọlé láìsí Maryland, bí Trump náà ṣe wọlé láìsí Maryland ní 2024. Lẹ́yìn èyí ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀.

Ìbò 375

Nígbà tí Lincoln kéde ìdáǹdè àwọn ẹrú ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1863, ìkéde náà kò kan Maryland. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ jagun ni ìkéde náà bá wí, Maryland kò sì yapa. Ẹrú Maryland ṣì jẹ́ ẹrú. Bí wọn yóò bá gbòmìnira, àfi kí àwọn olùdìbò Maryland fúnra wọn fọwọ́ sí i.

Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1864, wọ́n gbé ìwé òfin tuntun síwájú àwọn olùdìbò, èyí tó fòpin sí ìkónilẹ́rú. Ìbò "bẹ́ẹ̀ ni" jẹ́ 30,174. Ìbò "bẹ́ẹ̀ kọ́" jẹ́ 29,799. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì. Ó ku 375. Àwọn ọmọ ogun Maryland tó wà lójú ogun ló gba ọ̀rọ̀ náà là. Láìsí ìbò tiwọn, òfin náà ìbá ti ṣubú. Kí n má purọ́ fún yín, wọ́n ní kí àwọn olùdìbò búra pé àwọn kò ran ọ̀tá lọ́wọ́, ìyẹn náà sì yọ àwọn kan kúrò lórí ìlà.

Òfin náà mú ní ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá ọdún 1864. Ẹrú tí wọ́n kà ní gbogbo Maryland ní 1860 jẹ́ 87,189. Nínú ìṣírò Yorùbá, 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, èyí sì lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́rin. Ìbò 375 ni wọ́n fi jáwọ́ nínú kíkó irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́rú. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Lincoln tún díje. Ẹni tó rí 2,294 ní Maryland ní ọdún mẹ́rin ṣáájú rí ohun tó lé ní 40,000, ó sì gba ìpínlẹ̀ náà.

Ìbò 51

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1904, Theodore Roosevelt àti Alton Parker díje. Lẹ́yìn tí wọ́n ka gbogbo ìbò Maryland, Roosevelt ní 109,497, Parker ní 109,446. Ìbò 51 ló wà láàárín wọn, iye ènìyàn tó lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan.

Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé orúkọ afọbajẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìbò fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣírò tán, afọbajẹ 7 jẹ́ ti Parker, ẹyọ 1 péré jẹ́ ti Roosevelt tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù. Orúkọ afọbajẹ kan yẹn ni Charles Bonaparte, ará Baltimore. Ẹ rí i pé ìpínlẹ̀ tí a rò pé ó ti mọ ẹni tó máa yàn kí ilẹ̀ tó mọ́, òun kan náà ló ti fìgbà kan wà lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Ta ló wà lórí ìlà?

Ní ọdún 1870, òfin Amẹ́ríkà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ ara dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti dìbò. Ilé aṣòfin Maryland kọ̀ láti fọwọ́ sí i nígbà yẹn. Ó di ọdún 1973 kó tó fọwọ́ sí i. Láàárín ọdún 1905 sí 1911, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn olóṣèlú kan gbé àbá òfin wá ní Maryland láti fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gba ìbò lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀. Àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ náà kọ̀ ọ́ ní 1905, wọ́n kọ̀ ọ́ ní 1909, wọ́n sì kọ̀ ọ́ ní 1911. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù kò ṣẹlẹ̀ níbí, nítorí pé àwọn adúláwọ̀ àti àwọn tó dúró tì wọ́n fi ìbò dáàbò bo ìbò.

Greenbelt tí ilé ẹ̀kọ́ wa wà ńkọ́? Orí ilẹ̀ tí oko tábà ti gbó ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ìjọba Franklin Roosevelt ló kọ́ ọ, kí àwọn tí owó wọn kò pọ̀ lè rí ilé tó dára gbé, kí àwọn tí kò níṣẹ́ sì rí iṣẹ́. Àwọn ìdílé àkọ́kọ́ kó wọlé ní 1937. Àwọn adúláwọ̀ wà lára àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n gbà láyè láti gbé inú wọn. Nígbà tí ẹ bá ń rìn kọjá ní Roosevelt Center, tàbí tí ẹ bá ń fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ ní nǹkan jẹ lẹ́bàá adágún Greenbelt, ẹ rántí pé ọwọ́ dúdú wà nínú iṣẹ́ ìlú yìí kí ẹsẹ̀ dúdú tó lè gbé ibẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1990, àwọn adúláwọ̀ ti ju ìdajì lọ ní Prince George's. Ní 2022, Maryland yan Wes Moore, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di gómìnà rẹ̀. Ní 2024, ó yan Angela Alsobrooks, tó ń darí káúńtì wa yìí nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣojú Maryland nílé àwọn sẹ́nétọ̀. Ẹ fẹ́ràn wọn o, ẹ ò fẹ́ràn wọn o, wọn kò lè dé ipò yẹn bí ìlà olùdìbò bá ṣì rí bó ṣe rí ní 1860.

Ọmọ ọdún 16, ẹ gbọ́ o

Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìlú Greenbelt ṣe òfin pé ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 lè dìbò nínú ìbò ìlú. Takoma Park ti ṣe irú rẹ̀ ní 2013, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìbò ààrẹ ṣì di ọmọ ọdún 18, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pé 16 ní Maryland lè forúkọ sílẹ̀ dè é. Ìbò ìlú Greenbelt máa ń wáyé lọ́dún méjì méjì, nínú Oṣù Kọkànlá. Níbẹ̀, ìbò ọgọ́rùn-ún kan lè tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré, ọ̀rọ̀ iye owó tí ìlú fẹ́ ná, kò sí èyí tó jìnnà sílé níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. Ẹni tó bá ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà, kó yẹ orúkọ rẹ̀ wò bóyá ó wà nínú ìwé àwọn olùdìbò, pàápàá tó bá ti kó lọ sí ilé mìíràn. Ẹni tó jẹ́ pé ìwé ìgbélùú ló ní, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbò ààrẹ, nítorí ó lè kó o sí wàhálà ńlá. Kó ní sùúrù. Ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

Púpọ̀ nínú yín kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ìbò jẹ́. Ẹ wà nílé ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹfà ọdún 1993. Ẹ tò lórí ìlà nínú oòrùn, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń borí, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ìjọba ológun fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti gba ìbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí mọ iye tó ń jẹ́. Àwọn ọmọ tí a bí síbí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún wọn, ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ìwọ ọmọ wa tó bi bàbá rẹ léèrè lẹ́nu ọ̀nà, tí o wá ń wo ojú mi, èsì mi nìyí, bó tilẹ̀ pẹ́. Ìbò ẹyọ kan kò fún Lincoln ní Prince George's, kò sì fún un ní Maryland. Ṣùgbọ́n wọ́n kà á. Ó wà nínú ìwé títí dòní, èmi àti ìwọ sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Greenbelt lẹ́yìn ọdún tó lé ní 160. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀, ìbò 375 ṣe ohun tí ìbò kan kò lè ṣe. A kò mọ ọdún tí tiwa yóò jẹ́ ọ̀kan nínú 375. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti gbé orí ilẹ̀ yìí láyé, tí wọ́n kú láìfẹsẹ̀ kan ìlà yẹn rí. Bí bàbá rẹ bá tún sọ pé òun kò lọ, fa aṣọ rẹ̀, kí o sì sọ fún un pé o fẹ́ tẹ̀ lé e lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Béèrè lọ́wọ́ òbí tàbí àgbàlagbà kan nínú ilé yín: Ọdún wo lẹ kọ́kọ́ dìbò? Ìlú wo ni? Ta lẹ bá tò lórí ìlà? Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní gbólóhùn márùn-ún.

2. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: ìbò, olùdíje, afọbajẹ, ìpínlẹ̀, àpótí ìbò.

3. Ṣírò rẹ̀: Ọdún mélòó ni yóò kù kí o tó lè dìbò ìlú ní Greenbelt? Ìbò ààrẹ ńkọ́? Mú ìdáhùn rẹ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí o sì ka iye náà fún wa ní Yorùbá.